Ìyá Ìbejì, ọṣẹ ọwọ́ kọ́ ni ọṣẹ ẹ̀rọ o, Hypo náà sì ní tiẹ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire ẹ̀rọ ìfọṣọ tuntun o, á pẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ ní front-loader ni, ẹ ń bèèrè bóyá ọṣẹ tí ẹ fi ń fọwọ́ fọṣọ tẹ́lẹ̀ náà lẹ lè máa dà sí i, àti bóyá Hypo ṣe é lò nínú ẹ̀ fún yúnífọ́ọ̀mù funfun àwọn ọmọ. Ti ọṣẹ yẹn, rárá. Ti Hypo, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Mo rí i tí àwọn kan ti ń sọ fún yín pé ọṣẹ ni ọṣẹ, ẹ má gbọ́ tiwọn rárá. Ohun tí ọmọkùnrin tó ta ẹ̀rọ fún wa sọ náà nìyẹn, ó tún ń rẹ́rìn-ín sí i, ó ní ẹ̀yin ẹ ṣáà da ọṣẹ sí i. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni mò ń ṣe ní Ajah níbí, aṣọ olówó ló wà lọ́wọ́ mi, ẹ ò lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ yẹn fojú mi rí.

Ẹ wò ó, ẹ̀rọ tó ń ṣílẹ̀kùn lókè, omi púpọ̀ ló ń lò, aṣọ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀ ni. Tiwa tó ń ṣílẹ̀kùn níwájú yìí, omi díẹ̀ ló ń fà, aṣọ á gòkè, á já bọ́, á tún gòkè, á tún já bọ́, jíjábọ́ yẹn gan-an ló ń lé ìdọ̀tí jáde. Tí ìfófó bá wá kún inú ẹ̀, aṣọ á máa rọra bọ́ lé e bí ẹni bọ́ sórí tìmùtìmù, ìdọ̀tí ò ní í kúrò, ẹ ó wá rò pé ọṣẹ ló kéré, ẹ ó tún bù kún un. Pọ́ǹpù ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ti ìfófó jáde, omi ló mọ̀. Ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún ọwọ́, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó máa hó yèè ni, torí àwa níbí, ọṣẹ tí ò bá hó, a ní ayédèrú ni. Ti ẹ̀rọ kì í hó, kò túmọ̀ sí pé kò ṣiṣẹ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa rèé. Ẹ̀rọ á fọṣọ tán, tó bá kan kó gbọn omi kúrò, á yí díẹ̀, á dúró, á tún yí díẹ̀, á dúró, aṣọ tó yẹ kó ti wà lórí okùn ṣì wà níbẹ̀, nígbà tó bá sì máa jáde, omi á máa ro tótó lára ẹ̀. A pe ẹnjiníà. Kò tiẹ̀ tú nǹkan kan, ó kàn fetí sí i, ó ní pọ́ǹpù ni. A ra pọ́ǹpù, ó ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ ṣiṣẹ́, ó tún padà síbi tó wà. Ẹnjiníà kejì dé, òun ní board ni, pé NEPA ló jó o. Àwọn èèyàn yìí, ẹ̀rọ tí wọn ò bá ti mọ ohun tó ń ṣe é, board ni! Ó tú board lọ sí Alaba, ó gbé tòkúnbọ̀ kan dé, ó gbowó, ẹ̀rọ ò gbọn omi. Mo wá gbọ̀nà ilé iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn ló ń tún un ṣe fún àwọn tó ṣe é, torí warranty ò tíì tán. Wọ́n fi mí sórí ìjókòó títí oòrùn fi kan àtàrí, obìnrin kan jáde, ó ní ìlòkulò ni, warranty ò bo ìlòkulò. Ìlòkulò wo? Kò sọ. Láti ọ̀dọ̀ ẹnjiníà àkọ́kọ́ títí dé ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn, kò sẹ́ni tó bi mí pé irú ọṣẹ wo là ń lò. Kò sí! Ìbéèrè tí ò ná wọn ní kọ́bọ̀.

Ìgbà tó yá, ariwo wọ̀ ọ́, gbàgà gbàgà gbàgà, tó bá fẹ́ gbọn omi, tábìlì tí mo fi ń lọṣọ á máa rìn kúrò láyè ẹ̀. Bàbá kan tó ń tún fíríìjì ṣe ládùúgbò ló bá wa tú u dé ìdí. Lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù, ìyẹn agbada irin tí aṣọ ń yí nínú ẹ̀, níbi tójú ò tó, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà, spider ni wọ́n ń pè é, òun ló gbé dúrọ́ọ̀mù dúró mọ́ ọ̀pá tí bẹ́líìtì ń yí. Dúrọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀ stainless ni, spider yẹn àlùmíníọ̀mù ni. Bàbá fi imú sukudiráfà ha á, ohun tó ń já bọ́, ẹrẹ̀ aláwọ̀ eérú kan báyìí, ọṣẹ àtijọ́ tó ti di ẹrẹ̀ ni, ó ń rùn bí nǹkan míì. Nígbà tó ha ìyẹn kúrò, àlùmíníọ̀mù tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti di ìyẹ̀fun funfun, ó ń rún mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ kan ti dá, èkejì ti sán. Ọṣẹ tí omi ò ṣàn kúrò ló ń wà níbẹ̀ ní tútù tọ̀sán tòru tó ń jẹ ẹ́, Hypo tún dá kún un. Ìyà tó tún wá pọ̀ jù níbẹ̀ ni ti ike ńlá tó bo dúrọ́ọ̀mù, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ láti ilé iṣẹ́, kò ní bóòtì kankan, ayùn ni Bàbá fi rẹ́ ẹ yípo kó tó ráyè wọ inú ẹ̀, ó wá lu ihò sí i, ó fi bóòtì àti sílíkọ́ọ̀nù dè é padà. Owó spider, owó bẹ́rìn, owó iṣẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kí n ra ẹ̀rọ míì. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rà, ẹ bi àwọn tó ń tà á bóyá ike yẹn ṣe é tú. Wọn ò ní í mọ̀. Ẹ bi wọ́n ṣáá.

Nítorí náà, ọṣẹ tí wọ́n kọ Auto tàbí Automatic tàbí Matic sí lára ni kí ẹ rà. Ariel ní ti ọwọ́, ó ní ti ẹ̀rọ, Omo náà bẹ́ẹ̀, ọ̀rá wọn sì jọra, ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Omo yẹn, Unilever ti kéde ní 2023 pé àwọn ò ní í ṣe é mọ́ ní Nàìjíríà, torí náà ẹ yí ẹ̀yìn èyí tí ẹ bá rí lọ́jà wò, kẹ́ ẹ mọ ibi tó ti wá àti ohun tí wọ́n ṣe é fún. Tí ará òkè òkun bá fi ọṣẹ ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ wá lẹ́tà kékeré méjì, "he", lára ẹ̀, ti ẹ̀rọ wa nìyẹn. Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n, ṣíbí ìjẹun méjì ti tó fún aṣọ tí ò dọ̀tí jù. Omi òjò máa ń jẹ́ kọ́ṣẹ hó ju omi borehole lọ, ẹ dín in kù tó bá jẹ́ omi òjò. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti da ọṣẹ ọwọ́ sí tẹ́lẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ láìsí aṣọ, láìsí ọṣẹ, kẹ́ ẹ máa wo ojú gíláàsì. Tó bá ṣì ń hó, ọṣẹ àná ló kù síbẹ̀, ẹ tún un ṣe títí tí kò fi ní í hó mọ́. Tí ìfófó bá sì kún un lójijì, ẹ da ìdérí kan softener, ìyẹn ohun tó ń mú aṣọ rọ̀, sí i, á pa á.

Ẹ̀n-ẹ́n, Hypo.

Ẹ kọ́kọ́ wo dúrọ́ọ̀ tí ẹ ń da ọṣẹ sí. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń kó wá síbí, àyè mẹ́ta ló ní, I, II, àti èyí tó ní àwòrán òdòdó tó jẹ́ ti softener. Kò sí ti Hypo níbẹ̀. Àwọn tó ń da Hypo sí ti òdòdó, ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣan aṣọ kẹ́yìn ló máa wọlé, omi míì ò sì ní í ṣàn án kúrò mọ́, aṣọ á jáde pẹ̀lú Hypo lára. Àwọn tó ń dà á pọ̀ mọ́ ọṣẹ, Hypo á pa èròjà tó wà nínú ọṣẹ tó ń jẹ àbàwọ́n oúnjẹ àti òógùn, owó ọṣẹ ṣòfò nìyẹn. NEPA tún wá ńkọ́? Tí wọ́n bá múná lọ ní agbedeméjì, Hypo á sùn sára aṣọ di ìgbà tó bá wù wọ́n.

Omi wa níbí sì nìyí, irin wà nínú ẹ̀. Tó bá jáde lẹ́nu ẹ̀rọ omi, ó mọ́ kedere, tẹ́ ẹ bá gbé e sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ti pọ́n. Hypo tó bá bọ́ sínú irú omi bẹ́ẹ̀, kíá ló máa yọ irin yẹn jáde, ara aṣọ funfun ló sì máa lẹ̀ mọ́. Àwọn oníbàárà máa ń gbé aṣọ wá tí wọ́n á ní Hypo ti àwọn rà ayédèrú ni, àwọn rọ ọ́ títí, aṣọ tún pọ́n sí i. Kì í ṣe ayédèrú, omi ni. Ẹ bu omi yín sínú ike funfun, ẹ kán Hypo sí i, ẹ fi sílẹ̀ díẹ̀. Tí àwọ̀ ẹ̀ bá yí padà, ẹ má fi omi yẹn àti Hypo sún mọ́ funfun. Èyí tó bá ti pọ́n, ọsàn wẹ́wẹ́ ló máa bọ́ ọ, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti fi omi púpọ̀ ṣan Hypo kúrò pátápátá, torí Hypo àti ohun kíkan, ọsàn o, vinegar o, ọṣẹ ìfọ-ilé-ìgbẹ́ o, gáàsì ló máa ń di, ó lè pa èèyàn nínú yàrá kékeré. Mo ń rí àwọn tó ń pò wọ́n pọ̀ lórí TikTok, ẹ̀rù ń bà mí. Ìtọ̀ ọmọ náà wà níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán ṣan án kí Hypo tó kàn án. Ẹ má sì rọ Hypo sínú ìgò Eva tàbí Sprite, ọmọdé ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Ohun tí èmi ń ṣe fún funfun, inú báàfù oníke níta ni mo ti ń po Hypo mọ́ omi tútù, omi kọ́kọ́, Hypo tẹ̀ lé e, kí aṣọ tó wọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò. Mo máa ṣàn án dáadáa, kó tó wá wọ ẹ̀rọ pẹ̀lú ọṣẹ. Ẹ wo tag ọrùn aṣọ náà. Àwòrán onígun mẹ́ta tó ṣófo, Hypo lè kàn án. Tí ìlà méjì bá wà nínú ẹ̀, irú Vanish nìkan, ìyẹn apàbàwọ́n tí kò ní chlorine bíi ti Hypo. Tí wọ́n bá fi X pa á, kò sí ọ̀kankan. Síliìkì, òwú àgùntàn, ìbọ̀sẹ̀ tó ń fà, Hypo máa jẹ wọ́n, á tún sọ wọ́n di pupa rúsúrúsú.

Vanish dára fún ẹ̀rọ jù, àmọ́ omi tó gbóná ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa, 40°C sókè, hítà ẹ̀rọ sì lè gba 2000 watt, I-better-pass-my-neighbour ò lè gbé e, ẹ dúró de iná. Ọṣẹ ẹlẹ́bú Auto tí wọ́n ṣe fún funfun sábà máa ń ní irú ẹ̀ nínú, olómi kò ní, ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo ẹlẹ́bú fún funfun, olómi fún ańkárá àti aláwọ̀. Àdìrẹ ẹ̀lú, ẹ yà á sọ́tọ̀ pátápátá. Tó bá jẹ́ olómi àti omi tútù nìkan lẹ ń lò, nǹkan dúdú kan á máa hù lábẹ́ rọ́bà ẹnu ọ̀nà, ẹ nu ibẹ̀, ẹ má ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ìfọṣọ, àyàfi tí ọmọdé bá wà nílé tó lè kó sínú ẹ̀.

Yúnífọ́ọ̀mù àwọn ìbejì, tó bá jẹ́ pé polyester pọ̀ nínú ẹ̀, ọṣẹ ẹlẹ́bú àti 40 ti tó, Hypo ò tiẹ̀ kàn án. Ẹ ya fọ́tò dúrọ́ọ̀ ọṣẹ yẹn àti tag aṣọ wọn síbí kí n bá yín wò ó.