Oníbàárà ti lọ, sáfà ṣì ń ṣiṣẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó ìkànnì rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ní Ìjẹ̀bú Òde. Node.js, ìyẹn JavaScript tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà, ni mo fi kọ ọ́, Postgres, àpótí dátà wa, la sì fi ń tọ́jú orúkọ àti owó ẹgbẹ́. Bí Iléyá bá ti sún mọ́lé, tí gbogbo wọn ń wo gbèsè tó kù kí wọ́n tó jáde ní Ojúde Ọba, ìkànnì á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Wọ́n á tẹ rífíréèṣì, á tún wá fà sí i. Mo wo àkọsílẹ̀ Nginx, sáfà iwájú tó ń gba ìbéèrè wọlé fún Node, nọ́ńbà 499 ló kún ibẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Akápò ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú Òde.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú akitiyan. 499 ni Nginx máa ń kọ tí oníbàárà bá já ìlà kí èsì tó dé. Ẹni tó tẹ rífíréèṣì ti pa ìbéèrè àkọ́kọ́ tì, ṣùgbọ́n kóòdù rẹ ṣì ń wá èsì tí ẹnikẹ́ni ò ní í kà.

Nginx máa ń gé ìlà tó so ó mọ́ Node tí oníbàárà bá lọ, àfi tí ẹnìkan bá tan proxy_ignore_client_abort. Ara res (èsì tó ń jáde) ni kí o ti tẹ́tí sí close, ìró pé ìlà ti pa dé, má ṣe é lára req (ìbéèrè tó wọlé): láti Node 16, close ti req máa ń dún nígbà tí ìbéèrè bá ti wọlé tán, bí oníbàárà ò tilẹ̀ kúrò.

const ac = new AbortController();
res.on('close', () => {
  if (!res.writableEnded) ac.abort();
});

Gbé ac.signal, àmì ìdádúró yẹn, fún gbogbo fetch (ìpè sí sáfà mìíràn) tí ìbéèrè náà bá pè.

Postgres ló le díẹ̀. Bí Node bá ṣíwọ́ dídúró de èsì, Postgres ò mọ̀. Ìsopọ̀ mìíràn lo máa fi rán pg_cancel_backend, àṣẹ ìfagilé, sí pid (nọ́ńbà ìdánimọ̀) ìsopọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ náà. Ṣọ́ra o: bí iṣẹ́ yẹn bá ti parí, tí pool (àkójọ ìsopọ̀ tí gbogbo ìbéèrè jọ ń pín lò) sì ti gbé ìsopọ̀ náà fún ẹlòmíràn, iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni lo máa pa. Má dá ìsopọ̀ náà padà sí pool títí àṣẹ ìfagilé yẹn á fi parí. Fi statement_timeout, tó ń dá ìwádìí dúró bí ó bá kọjá àkókò tí o fún un, kún un, torí fóònù tí nẹ́tíwọọ̀kì rẹ̀ kú lọ́nà Ìjẹ̀bú Igbó kì í dágbére. Close lè pẹ́ kó tó dún.

Owó sísan ni mo fẹ́ kí o gbọ́ mi yé dáadáa. Ẹni tó ń wo gbèsè, tó bá lọ, fagi lé e. Ẹni tó ń sanwó, jẹ́ kó parí, ì báà ti pa fóònù. Bí báńkì bá ti yọ owó, tí o wá dá iṣẹ́ dúró kí o tó kọ ọ́ sílẹ̀, owó ti lọ, orúkọ ò sì wọlé. Àgbà kan á dìde nípàdé, á ní òun ti san, ìwọ akápò ò sì ní rí nǹkan kan fi hàn án. Má gbé signal débẹ̀ rárá. Kí fọ́ọ̀mù ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ látìgbà tó bá ti ṣí, kí o fi UNIQUE, tí kì í jẹ́ kí nọ́ńbà kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì, sórí nọ́ńbà náà nínú tábìlì, kí o sì kọ́kọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ kí o tó pe báńkì. Nípa bẹ́ẹ̀ rífíréèṣì ò ní gba owó ẹnìkan lẹ́ẹ̀mejì.

Fífagilé nìkan kì í mú ìwádìí yára o. Fi EXPLAIN ANALYZE, tó ń fi hàn bí Postgres ṣe ń wá nǹkan, wo ìwádìí gbèsè yẹn. Bí o bá rí Seq Scan (kíka gbogbo ìlà tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan) lórí tábìlì ńlá, fi index, ìyẹn atọ́ka, sí i kí Iléyá tó dé.