Búrọ́ọ̀ṣì wo ló yẹ fún gíléèsì nígbà tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́?

Ìbéèrè: Òkun o, ẹ̀gbọ́n. Ìsánlú ni mo wà. Mo ń mọ ife àti abọ́, ààrò oníná kékeré kan ni mo sì fi ń sun wọ́n. Gíléèsì, ohun olómi tí iná máa ń sọ di bíi gíláàsì sára ìkòkò, tí mo bá fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, máa ń hàn ní ìlà-ìlà tí iná bá jó o tán, ibì kan á ki, ibì kan á fẹ́lẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì àwọn amọ̀kòkò tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ju agbára mi lọ. Kí ni mo lè rà nílé níbí?

Ìdáhùn: Òkun, àbúrò. Ó jọ pé búrọ́ọ̀ṣì àwọn tó ń kun ilé lo fi ń ṣe é, èyí tí irun rẹ̀ le bí ọwọ̀. Ìkòkò tí a ti sun lẹ́ẹ̀kan, òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Bí gíléèsì bá ti kàn án báyìí ló ti ń fa omi inú rẹ̀ mu. Irun líle kì í gbé omi púpọ̀ dání, kò sì ní tíì rìn jìnnà tí yóò fi gbẹ mọ́ ọ lọ́wọ́. Tí o bá tún fi gba orí ohun tí o ti kùn tẹ́lẹ̀ kọjá, ńṣe ni yóò máa ha á kúrò. Irun rírọ̀ tó lè mu omi yó ni kí o wá.

Irun ewúrẹ́ ló dára jù fún èyí. Òun ni àwọn ará Japan fi ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní hake, àwọn amọ̀kòkò ilẹ̀ mìíràn náà sì ti sọ ọ́ di tiwọn. Tí o kò bá rí i, má dààmú ara rẹ. Lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta àtíkè àti ìtọ́tè ní ọjà Kàbbà tàbí Lọ́kọ́jà, kí o béèrè búrọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n fi ń pa pọ́dà sójú. Búrọ́ọ̀ṣì tí àwọn ọkùnrin fi ń ra ọṣẹ mọ́ irùngbọ̀n kí wọ́n tó fá a náà kò burú rárá.

Kí o tó sanwó, rọra fa irun rẹ̀ wò. Èyí tó bá ń já lọ́wọ́ rẹ yóò já sínú gíléèsì. Wo páànù tó di irun mú pẹ̀lú, torí tó bá dípẹtà, ìpẹtà náà lè ṣe àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú sára abọ́ funfun. Tí o bá délé, mú àpáàdì kan lára èyí tí o ti sun, rẹ búrọ́ọ̀ṣì náà sínú omi lásán, kí o fà á lórí rẹ̀. Wo ibi tí ìlà omi náà ti já. Èyí tó bá rìn jìnnà jù ni kí o máa lò fún gíléèsì, ì báà jẹ́ òun ló pọ́ọ́kú jù nínú gbogbo wọn.

Fún ọnà tẹ́ẹ́rẹ́, béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń lẹ èékánná. Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń ya àwòrán sórí èékánná gùn lẹ́nu, ó sì ń fa ìlà láìgbọ̀n. Ẹyọ kan tó. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn àwọn tí wọ́n ń dì pọ̀ sínú páálí fún àwọn ọmọ iléèwé; méjì péré lo máa lò níbẹ̀, ìyókù á di ẹrù.

Kì í sì í ṣe gbogbo ọnà ló ń fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì. Ladi Kwali, obìnrin tó wà lẹ́yìn owó ₦20, fífín ló ń fín alángbá, ẹja àti àkekèé sára ìkòkò nígbà tí amọ̀ ṣì tutù, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń ṣe nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìmọ̀kòkò tó wà ní Suleja láti ọdún 1954, níbi tí wọ́n ti ń fi gíléèsì bo iṣẹ́ rẹ̀. Inú ife náà kò nílò búrọ́ọ̀ṣì: da gíléèsì sí i, yí i po, kí o dà á padà.

Ní ti kíkùn fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan kíki lọ. Kùn ún ní ìbú, jẹ́ kí dídán omi rẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà kí o kùn ún ní òró. Tó bá ṣì ń yára gbẹ jù, po gọ́ọ̀mù àrábíìkì díẹ̀ mọ́ ọn, oje igi tó ń ti òkè Ọya wá. Ìwọ̀n tí o máa lò tán ni kí o pò, torí ó máa ń rà.

Mo bẹ̀ ọ́, má fi ẹnu lá búrọ́ọ̀ṣì kí ṣóńṣó rẹ̀ lè mú. Kóbáàlì àti máńgáníìsì tó ń fún gíléèsì ní àwọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń gbé mì. Etí ife omi tó láti fi tò ó. Tí o bá ṣe tán, fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí o so ó kọ́ kí irun rẹ̀ dorí kodò, má fi í sílẹ̀ kó dúró lórí irun nínú omi. Èyí tí o bá fi ń kun ìda sí ìdí abọ́ kí gíléèsì má baà lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, yà á sọ́tọ̀ pátápátá. Fi ọṣẹ ra irun rẹ̀ kí o tó tì í bọ ìda, ìyẹn á jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rẹ àtijọ́ tí irun rẹ̀ le yẹn gan-an ni kí o lò fún un.