Ṣé Ẹ̀tọ́ Ni Èrè Tí A Kó Jáde Kí Ọjà Tó Wó?

Ìbéèrè: Àáfà wa, asalaamu alaekun. Aláṣọ àdìrẹ ni mí ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Mo fi ₦300,000 sínú ètò ìdókòwò kan lórí fóònù, wọ́n sì san ₦480,000 fún mi kí ó tó dẹnu kọlẹ̀. Àbúrò ọkọ mi tí mo mú wọ inú rẹ̀ kò rí kọ́bọ̀ gbà. Àwọn kan ní òwò ni, wọ́n ní Ọlọ́hun ṣe òwò ní ẹ̀tọ́, àti pé kádàrà ni tẹni tó pàdánù. Ṣé mo lè fi owó náà kún owó hájì mi? Mo tún fẹ́ ra ilẹ̀ ní ọ̀nà Kọ́bapẹ́, kí n dúró dìgbà tí owó rẹ̀ yóò gòkè, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ jọ lójú mi báyìí.

Ìdáhùn: Wa alaekumu salaamu, ìyá wa. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ sì máa bá Ànábì Muhammad.

Àáyà 275 nínú Sūratul-Baqara ni àwọn ènìyàn yẹn ń tọ́ka sí, ìdajì rẹ̀ ni wọ́n sì kà. Ọlọ́hun ṣe òwò ní ẹ̀tọ́, Ó sì ṣe èlé ní èèwọ̀. Nínú ètò tí ẹ ṣàlàyé yìí, ta ni ó ta ọjà, iṣẹ́ wo ni wọ́n sì ṣe? Owó ẹni tí ó wọlé lẹ́yìn ni wọ́n fi ń san èrè ẹni tí ó ṣáájú. Sogúndogójì tí àwọn àgbà mọ̀ náà ni, orí fóònù ni ó kàn gbà wá. MMM tí Sergei Mavrodi dá sílẹ̀ ní Rọ́ṣíà wó ní ọdún 1994. Èyí tí ó dé Nàìjíríà, tí ó ń ṣèlérí èrè ìdá 30 nínú 100 lóṣooṣù, dá owó àwọn ènìyàn dúró ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Ọjọ́ tí ẹni tuntun kò bá wọlé mọ́ ni irú ètò bẹ́ẹ̀ parí.

Nítorí náà, ₦180,000 tí ó lé yẹn kì í ṣe èrè òwò. Nínú àáyà 279 sūrah kan náà, Ọlọ́hun sọ fún ẹni tí ó bá ronú pìwà dà kúrò nínú èlé pé ojú owó rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, kí ó má ṣàbòsí, kí a má sì ṣàbòsí sí i. Orí èyí ni mo gbé ìdáhùn mi lé: ₦300,000 jẹ́ tiyín, ẹ sì lè fi ṣe hájì, èyí tí ó lé jẹ́ ti àwọn tí ó pàdánù. Lójú tèmi, àbúrò ọkọ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ san owó náà fún, nítorí òun ni ẹ mọ̀, ọwọ́ yín ni ó sì gbà wọlé. Bí ó bá ṣẹ́kù, kí ẹ fún àwọn aláìní ní orúkọ àwọn olówó tí ẹ kò mọ̀, láìka á sí sàárà tiyín. Bí owó náà bá sì ti wọ inú aṣọ, ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lórí bí ẹ óò ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí. Ní ti kádàrà, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sọ owó ẹlòmíràn di tẹni.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yàtọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Kí owó ọjà gòkè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí ọjà wọ́n ní Mẹ̀dínà, tí wọ́n ní kí Ànábì dá iye lé e, ó kọ̀, ó ní Ọlọ́hun ni ń dá iye lé ọjà. Àmọ́ ó kọ̀ fún wa láti ta ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹni, láti ta ohun tí a kò mọ bí yóò ṣe já sí, àti láti fi kún owó ọjà tí a kò fẹ́ rà kí ẹlòmíràn lè kó sí i. Ẹni tí ó bá rántí ọdún 2008 yóò rí ibi tí irú nǹkan báyìí ń gbé ènìyàn lọ. Nígbà náà, àwọn báńkì wa ń yá ènìyàn lówó èlé láti fi ra ìpín ìdókòwò (shares), nígbà mìíràn ìpín báńkì náà gan-an. Òṣùwọ̀n ọjà ìpín ìdókòwò ní Èkó, èyí tí ń fi hàn bí iye owó gbogbo ìpín ṣe ń lọ sókè sódò, lé ní 66,000 ní oṣù Kẹta ọdún náà. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000. Àwọn àjèjì ń kó owó wọn lọ nítorí wàhálà Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ta gbèsè ilé láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ẹni tí ó rà á kò fi mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Níbí, báńkì ń béèrè owó rẹ̀, ẹni tí ó yáwó ń tà ní ọ̀ranyàn, títà yẹn sì tún ń já iye owó ìpín náà wálẹ̀. Ní ọdún 2010, ìjọba dá àjọ AMCON sílẹ̀ láti ra gbèsè tó bàjẹ́ náà. Ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ ra ìpín ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà gidi pàdánù lóòótọ́, àmọ́ ìpín rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó yáwó èlé rà á pàdánù ìpín, gbèsè sì tún wà lọ́rùn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ lè ra ilẹ̀ Kọ́bapẹ́ yẹn bí ẹ bá fojú rí i, tí ẹ mọ̀ pé ẹni tí ń tà á ni ó ni ín, tí owó rẹ̀ kò sì ti inú èlé wá. Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ má sọ pé ẹni mẹ́ta ti ń du ú nígbà tí kò sí ẹnì kankan.

Ó ku sàká rẹ̀. Ní ọ̀nà Màlíkì, ìlànà òfin ẹ̀sìn tí ọ̀pọ̀ wa ń tọ̀, ẹni tí ó ra ọjà tí ó sì ń dúró de ìgbà tí yóò wọ́n máa ń yọ sàká ọdún kan ṣoṣo nígbà tí ó bá tà á, ìdá 2.5 nínú 100. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ yòókù ní lọ́dọọdún ni, lórí iye tí ilẹ̀ náà ń tà ní ọjọ́ náà, ì báà ti wálẹ̀. Èyí tí ẹ bá mú nínú méjèèjì tọ̀nà.