Ọjọ́ Ìbí Ọ̀rẹ́, Ìjókòó Ọlọ́tí àti Ìrun Ìṣáì Tó Bọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àáfà wa, àsàlámù àlékúmù. Òkè òkun ni mo ti ń kàwé. Lóṣù tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì, tí kì í ṣe Mùsùlùmí, pé ọmọ ọdún 21, ó sì kó wa jáde lálẹ́ kí a lè bá a yọ̀. Ilé oúnjẹ la kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni a kọjá sí ilé ọtí tí wọ́n ti ń jó. N kò fẹnu kan ọtí, omi èso ni mo mu, ṣùgbọ́n nígbà tí owó dé, wọ́n pín in lọ́gbọọgba, mo sì san ìpín tèmi. Ìṣáì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì sùn kọjá Àsùbáà. Ṣé mo ti dẹ́ṣẹ̀? Ṣé kí n pa ọ̀rẹ́ náà tì ni?

Ìdáhùn: Wàálékúmù sàlám. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí fúnra rẹ̀ kọ́ ló wúwo jù nínú ohun tí o kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń kọ́kọ́ bi wá. Àwọn onímímọ̀ kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Sheikh Ibn Baz àti Sheikh Ibn Uthaymin, àgbà onímímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Saudi Arabia, kò gbà á láyè, nítorí pé Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bá àwọn ará Mẹ̀dínà pẹ̀lú ọjọ́ méjì tí wọ́n fi ń ṣeré, ó sì sọ fún wọn pé Ọlọ́hun ti fi èyí tó dára jù rọ́pò wọn, ìyẹn ọjọ́ Iléyá àti ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀. Àwọn mìíràn, tí ilé fátíwà ilẹ̀ Íjíbítì, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń dáhùn ìbéèrè lórí òfin ẹ̀sìn, wà lára wọn, kà á sí àṣà ayé tí kò lẹ́ṣẹ̀ nínú bí kò bá ti sí èèwọ̀ níbẹ̀. Èmi kì í ṣe é, ṣùgbọ́n n kò ní pe ẹni tó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúpẹ́ ẹ̀mí ní ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ìjókòó yẹn ló bà mí lẹ́rù. Ó wà nínú hádíìsì pé ẹni tó bá gba Ọlọ́hun àti ọjọ́ ìkẹyìn gbọ́ kò gbọdọ̀ jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń mu ọtí. Kò sọ pé kó jókòó kó má mu. Àwọn onímímọ̀ máa ń ròyìn pé wọ́n mú àwọn kan tó ń mutí wá síwájú Kàlífà Umar ọmọ Abdul-Aziz, wọ́n sì sọ fún un pé ọ̀kan nínú wọn gba ààwẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìyà ọtí tó fi jẹ wọ́n, ó sì ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun inú Súrà An-Nisai (4:140), tó ní ẹni tó bá jókòó tì wọ́n ti dà bí wọn. Nítorí náà, omi èso tó wà lọ́wọ́ rẹ kò sọ ìjókòó náà di ẹ̀tọ́.

Owó tí o san tún burú sí i, mo sì rò pé ìwọ fúnra rẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ìwọ lo dárúkọ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi ọ́. Ènìyàn 10 ni Ànábì ṣẹ́bi lé lórí ọ̀rọ̀ ọtí, ẹni tó rà á sì wà lára wọn. Nígbà tí ẹ pín owó náà lọ́gbọọgba, ìwọ tí o kò mu ún bá wọn ra á. N kò sọ pé kí o lọ gba owó náà padà. Túúbá ni kí o ṣe, bí o bá sì fẹ́ fi irú iye bẹ́ẹ̀ ṣe sàárà, ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan. Bí ẹ bá tún jọ jẹun níbi tí kò ti sí ọtí, sọ ọ́ kí ẹ tó jókòó pé ohun tí o bá jẹ ni o máa san.

Ní ti ìrun, Ànábì ní ẹni tó bá gbàgbé ìrun tàbí tó sùn kọjá rẹ̀, kí ó kí i nígbà tó bá rántí. Ìyẹn lè bo Àsùbáà rẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó fi gbogbo òru ṣeré kò ní àwíjàre ẹni tí oorun ṣàdédé gbé lọ. Ní ti Ìṣáì, ojú rẹ là sílẹ̀ nígbà tí àkókò rẹ̀ ń kọjá, nítorí náà sísan án padà nìkan kò tó, àfi kí túúbá bá a lọ: kí o kábàámọ̀, kí o sì pinnu pé o kò ní padà síbẹ̀. Bí o kò bá tíì san wọ́n, Ìṣáì ni kí o kọ́kọ́ kí, rákà 4 gééré, kí o tó kí Àsùbáà. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan gbà pé arìnrìn-àjò làwọn níwọ̀n ìgbà tí àwọn bá wà lókè òkun, wọ́n sì ń dín ìrun kù láti ọdún dé ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímímọ̀ ní ẹni tó ti pinnu láti gbé ibì kan ju ọjọ́ 4 lọ kì í ṣe arìnrìn-àjò mọ́. Mo sì mọ̀ pé ní àwọn ilẹ̀ àríwá, Ìṣáì lè má wọlé títí di nǹkan bí aago 11 alẹ́ nígbà ooru. Ẹni tó bá ń jáde nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ ní láti ti mọ ibi tí yóò ti kí i kó tó kúrò nílé.

Má pa ọ̀rẹ́ rẹ tì. Ọlọ́hun sọ nínú Súrà Al-Mumtahana (60:8) pé Òun kò kọ̀ fún wa láti ṣe dáadáa sí àwọn tí kò bá wa jà nítorí ẹ̀sìn. Lọ bá a lọ́sàn-án, mú ẹ̀bùn díẹ̀ dání, kí o sì fi ìrọ̀rùn ṣàlàyé fún un pé o kò ní lè bá wọn dé ilé ọtí mọ́, àti ohun tó fà á.