Ẹ̀gà orí igi àgbọn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀gà ti kún orí àgbọn ẹ̀yìnkùlé mi. Wọ́n ti ya ewé rẹ̀ ku igi ọwọ̀. Láràárọ̀ ni mo ń rí ìtẹ́ nílẹ̀, kò sì sí ẹyin nínú rẹ̀. Ṣé ejò ni? Ṣé kí n gé igi náà?

ÌDÁHÙN: Ẹ má gé e. Iṣẹ́ akọ ẹ̀gà lẹ ń rí yẹn. Akọ ló ń hun ìtẹ́: á gé etí ewé, á di í mú, á fò lọ, ewé á sì ya tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e. Tó bá hun ún tán, á rọ̀ dorí kodò sí ẹnu ọ̀nà ìtẹ́, á máa ju apá, á máa pàtótó pe abo. Abo á wọlé yẹ̀ ẹ́ wò. Tí kò bá wù ú títí ewé fi gbẹ, akọ fúnra rẹ̀ ló máa tú u dànù, á sì hun òmíràn. (Abo ẹ̀gà le púpọ̀!) Tó bá jẹ́ ejò ni, gbogbo wọn ló máa pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ìtẹ́ á sì wà lókè ní òfìfo.

Bí ọ̀gọ́mọ̀ bá ṣì ń yọ, àgbọn yín kò ní kú, àmọ́ èso rẹ̀ lè dín kù. Ẹ fi ọ̀pá gígùn já ìtẹ́ nígbà tó ṣì tutù yọ̀yọ̀, léraléra. Bí abo bá ti ń kó koríko múlọ́múlọ́ wọlé, ẹyin 2 tàbí 3 ti dé tán. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún bí oṣù kan àtààbọ̀.