Ilé tuntun, ọkọ̀ kan ṣoṣo

Arábìnrin mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kọ̀wé pé ọkọ yín rí ilé kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ parí ní ìlú kékeré tí kò ní ọkọ̀ èrò, pé owó rẹ̀ kéré sí èyí tí ẹ ń san báyìí, ó sì fẹ́ kí ẹ buwọ́ lùwé kí oṣù yìí tó parí. Ẹ ní ọkàn yín kò balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò rí àbùkù kankan tọ́ka sí nínú ilé náà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín kí n tó rí ohun tí ẹ sọ wọ́ọ́rọ́wọ́ nísàlẹ̀: ọkọ̀ kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ̀yin kò sì mọ ọkọ̀ wà. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí ọkọ yín bá ti gbé ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ẹ̀yin àti ọmọ yóò máa retí ìrọ̀lẹ́ ni, ì báà jẹ́ pé ọṣẹ ló tán, ì báà sì jẹ́ pé ara ọmọ ló gbóná. Ẹ má tíì pe owó tó dín kù yẹn ní èrè, àfi bí ẹ bá ti ro owó epo, táyà, àtúnṣe àti ìnṣọ́ránsì mọ́ ọn, pẹ̀lú owó ọkọ̀ kejì tí mo fura pé ẹ ó padà rà.

Ẹ má bá ọkọ yín jà o, nítorí ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ kì í sábà mọ bí ọ̀nà ṣe gùn tó. Ẹ jọ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ ọmọ láti ẹnu ọ̀nà ilé náà dé ilé ìtajà tó sún mọ́ ọn jù lọ. Bí títì náà kò bá ní ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ọkọ̀ tó ń sáré kọjá sì ń gbọn ìbòrí kẹ̀kẹ́ náà pẹrẹpẹrẹ, ẹ kò ní nílò àlàyé mìíràn.

Ní ti ilé fúnra rẹ̀, omi inú kọnkéré máa ń gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó gbẹ tán, nítorí náà ẹ fọwọ́ kan ògiri ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù bóyá ó tutù, kí ẹ sì máa ṣí fèrèsé dáadáa bí ẹ bá kó wọlé, kí ohun dúdú tí ọ̀rinrin máa ń fà má baà hù sára ògiri. Ẹ ya fọ́tò gbogbo àbùkù kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́.

Ní tèmi, ẹ má tíì buwọ́ lùwé. Bí ọkọ yín bá gbà pé kí ẹ kọ́ ọkọ̀ wíwà ná, kí ẹ sì mọ ibi tí owó ọkọ̀ kejì yóò ti wá, ẹ kó lọ. Bí kò bá gbà, ẹ wá ilé mìíràn, kódà kó gbó díẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ yín lè gbé yín dé ilé ìwòsàn.