Gbé fínígà yẹn sílẹ̀ ná

Àbúrò tó hú páìpù irin wíwọ́ àti àwo irin pẹlẹbẹ nínú oko ní Dorset nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń bèèrè bóyá ti gláídà (ọkọ̀ òfurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì) ayé Ogun Àgbáyé Kejì ni: o ní o ti rẹ méjèèjì sínú fínígà láti àná. Àyà mi já nígbà tí mo kà á.

Bí èmi náà ṣe ṣe nìyẹn. Mo rí irin kan tó gùn tó apá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú àtijọ́ kan. Ayọ̀ ò jẹ́ kí n ya fọ́tò kankan kí n tó hú u. Mo rẹ ẹ́ mọ́jú, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ó títí ó fi ń dán bí ìkòkò ìyàwó tuntun. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ara rẹ̀ bá omi lọ, nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀ náà bá a lọ. Mo fojú ara mi rí nọ́ńbà yẹn o, mi ò kọ ọ́ sílẹ̀! Nígbà tí mo gbé e dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ọ̀gbẹ́ni kan wò ó fìrí, ó ní irin ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ ni. Ó ní ibo gan-an ni mo ti hú u, mo ní inú oko. Igun wo? Ó jìn tó báwo? Ojú tì mí. Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ lẹ́tà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fèsì, èsì ọ̀hún ò ju ìlà méjì lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé! Ṣùgbọ́n èmi ni mo fọwọ́ ara mi fọ ẹ̀rí dànù, mi ò sì tíì mọ ohun tó jẹ́ títí dòní.

Tó bá jẹ́ páìpù tí wọ́n jó pọ̀ mọ́ra, tí aṣọ sì lẹ̀ mọ́ ọn, gláídà Waco CG-4A ti Amẹ́ríkà ni kó o kọ́kọ́ rò. Páìpù irin ni egungun rẹ̀, aṣọ ni wọ́n fi bò ó. Horsa, gláídà ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, igi ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀, àwọn tó ń kan àga àti tábìlì wà lára àwọn tó kàn án. Igi á ti jẹrà. Bóòtì, ìdè àti irin ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń kù.

Má jẹ́ kí adé àti lẹ́tà AM tàn ọ́. Air Ministry ni, iléeṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú nígbà náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ṣíbí ilé oúnjẹ pàápàá.

Horsa mẹ́fà tó lọ gba afárá lọ́wọ́ ọ̀tá ní Faransé lóru 5 mọ́jú 6 June 1944 gbéra láti Tarrant Rushton ní Dorset, ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹni tó bá hú ìṣó níbẹ̀ fi ń pariwo. Lẹ́yìn ogun, wọ́n ta ara Horsa mìíràn fún àwọn èèyàn, wọ́n sọ ọ́ di ahéré. Bi olóko léèrè bóyá bàbá rẹ̀ ní irú rẹ̀ rí.

Bi í náà bóyá ọkọ̀ òfurufú ogun kankan já síbẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1986 kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àjákù rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Ohunkóhun tó bá sì dà bí ọta tó ní ìyẹ́ lẹ́yìn, fi í síbẹ̀, pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé irú rẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò, ọlọ́pàá ti gbogbo àdúgbò pa. Ìyàwó rẹ̀ ò tíì dárí jì í.

Yọ wọ́n kúrò nínú fínígà, fi omi lásán ṣàn wọ́n. Tan tọ́ọ̀ṣì sí àwo yẹn láti ẹ̀gbẹ́ kí ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sára rẹ̀ lè hàn, gbé rúlà tì í, kó o ya fọ́tò rẹ̀ fún wa. Páìpù lè dúró.